Ṣé Ọ́kẹ́sítírà Orílẹ̀-èdè Ukréìn ló ṣeré ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2022?

Rárá o, ẹgbẹ́ olórin mìíràn ló ṣeré níbẹ̀; ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa wọ́n pọ̀.

Èyí tó ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 2022 ni Ukrainian Freedom Orchestra. Ogun tí Rọ́ṣíà gbé ja Ukréìn ló bí i. Nǹkan bí olórin 75 ni wọ́n ṣà jọ: àwọn kan ṣì ń gbé nílé, àwọn kan ti sá jáde, àwọn mìíràn sì ti ń ṣiṣẹ́ káàkiri Yúróòpù tẹ́lẹ̀. Keri-Lynn Wilson, ọmọ Kánádà tí ìran rẹ̀ wá láti Ukréìn, ló darí wọn. Warsaw ní Pólándì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wọn, New York àti Washington ni wọ́n parí sí. Ìjọba Ukréìn ní láti fún àwọn ọkùnrin tó tó ogun lọ ní ìyọ̀ǹda pàtàkì kí wọ́n tó lè gbé fayolíìnì kọjá bodè. Wọ́n tún ṣe orin Valentin Silvestrov, bàbá ẹni ọdún 84 tó sá kúrò ní Kyiv lọ Berlin lọ́dún yẹn kan náà.

Ọ́kẹ́sítírà Orílẹ̀-èdè Ukréìn gan-an ti wà ní Kyiv láti 1918, Volodymyr Sirenko ló sì ń darí rẹ̀ láti 1999. Àwọn náà ń rìnrìn àjò: wọ́n lọ Pólándì ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n sì dé Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023. Ọkọ̀ òfuurufú akérò kò fò ní Ukréìn mọ́ látìgbà tí ogun ti dé, nítorí náà ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà dé bodè, tàwọn ti fèrè, ìlù àti báàsì ràgàjì.