Ìyá ọkọ mi ní mo fẹ́ fi òórùn pa àwọn

*Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Owó tó ń wọlé fún wa ti dín kù, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í po ohun tí mo fi ń fọ ilé fúnra mi. Mo tún fẹ́ máa ṣe páúdà, wáìpù àti mílíìkì ọmọ nílé. Lọ́jọ́ kan mo da fínígà mọ́ bílíìṣì kó lè lágbára sí i, mo fi fọ ilé ìwẹ̀. Ìyá ọkọ mi wọlé síbẹ̀, wọ́n sáré bọ́ síta, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ní mo fẹ́ pa àwọn. Ọkọ mi ní kí n bẹ̀ wọ́n, mo kọ̀. Ta ló jẹ̀bi?*
*Ìyá Ìkókó*

Ìyá Ìkókó, kú ọwọ́ lómi o.

Ìwọ lo jẹ̀bi, mi ò ní tàn ọ́. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ a máa sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn, àmọ́ ikọ́ yẹn kì í ṣe àṣehàn. Tí bílíìṣì bá pàdé fínígà, afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jẹ́ klorínì ló máa ń jáde. Á máa ta èèyàn lójú, á máa jó o lọ́fun. Nínú ilé ìwẹ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn. Ká ní ọmọ wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ pàdé amóníà náà, èyí tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ìnudígí kan, tó sì máa ń wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, garawa tí o ń kó ìlédìí olómi sí, kọ́kọ́ fi omi ṣàn án dáadáa kí bílíìṣì tó débẹ̀. Omi lásán ni kí o máa fi la bílíìṣì. Má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láé.

Àpòpọ̀ fínígà àti béékìǹ sódà ní tiẹ̀ kì í pani, ìnákúnàá lásán ni. Ìhó tó ń ru gùdù yẹn ló ń tan àwa obìnrin jẹ. Wọ́n ti pa agbára ara wọn nìyẹn; ohun tó kù nínú ike kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju omi lọ. Lò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bu fínígà àti omi lọ́gbọọgba sínú kẹ́tùlù tó ti ní èèpá funfun nínú, sè é, fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí o wá ṣàn án dáadáa. Fi omi díẹ̀ po béékìǹ sódà kó ki, kí o fi ha ìdí ìkòkò tó jóná. Èyí tó kù nínú ilé, ọṣẹ àti omi tó o.

Mílíìkì ló bà mí lẹ́rù jù. Má ṣe é rárá! Iyọ̀, irin àti kálísíọ̀mù inú mílíìkì ọmọ ní ìwọ̀n tí èèyàn kò lè fi ṣíbí wọ̀n nínú ilé ìdáná, kíndìnrín ọmọ oṣù mẹ́rin kò sì lè gba àṣìṣe. Èyí tí o bá rà náà, má bomi là á ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo lọ kó lè pẹ́ tán. Omi àpọ̀jù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ dín kù, ó sì lè fa gìrì. Tí ọmú bá ń sun, fún un lọ́mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù 6, kò tiẹ̀ nílò omi. Tí kò bá sun, bi nọ́ọ̀sì léèrè èyí tówó rẹ̀ kéré jù nínú mílíìkì ọmọ tí òfin fọwọ́ sí.

Páúdà? Ọmọ kò nílò rẹ̀, ì báà ṣe èyí tí o rà tàbí èyí tí o lọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni eruku yẹn ń wọ̀. Nu itan rẹ̀ gbẹ, ó parí. Wáìpù ni kí o ṣe, ibẹ̀ lowó wà. Gé síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n fi òwú hun sí wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásìkò tí o bá fẹ́ lò ó, kí o fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sá a gbẹ. Má rẹ ẹ́ sílẹ̀ sínú ike fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò àìfojúrí á kún inú rẹ̀.

Ní ti Màmá, lọ bá wọn lónìí. Má bẹ̀rẹ̀ àlàyé owó tó dín kù, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé nǹkan méjèèjì ò gbọ́dọ̀ pàdé." Tí ikọ́ náà bá ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí tí àyà bá ń fún wọn, ẹ mú wọn lọ rí dókítà, kí ìwọ fúnra rẹ sì sọ ohun tí wọ́n fà símú fún un.