Èló Ni Kí N Yà Sọ́tọ̀ fún Omi Tí Yóò Máa Mú Kọ̀ǹpútà Mi Tutù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Fídíò ayẹyẹ ni mo ń gé jẹun ní Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà mi máa ń gbóná débi pé ariwo fáànù rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mo ń tò. Mo fẹ́ fi omi mú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti káàdì àwòrán rẹ̀ tutù, kí n sì tò ó fúnra mi. Mo ti ro iye water block méjì (bàbà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá láti gba ooru lára CPU àti káàdì), pọ́ńpù kan àti rédíétọ̀ 240 kan, èyí tó gba fáànù mìlímítà 120 méjì, pọ̀. Ṣé owó náà ti pé?

ÌDÁHÙN: Kò tíì pé, nítorí pé ohun tí ẹ kà kò tíì pé. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ooru tí omi náà yóò máa gbé. Bí CPU yín bá ń jẹ wáàtì 125, tí káàdì àwòrán sì ń jẹ 250, ooru wáàtì 375 ni omi yóò máa kó jáde. Ohun tí a fi ń díwọ̀n ni pé àyè fáànù mìlímítà 120 kan lára rédíétọ̀ lè lé nǹkan bí wáàtì 100 dànù láìpariwo púpọ̀, nítorí náà àyè mẹ́rin ló tọ́ sí yín, ìyẹn rédíétọ̀ 240 méjì. Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ yàn yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ yóò máa ké, bẹ́ẹ̀ ariwo gan-an ni ẹ ń sá fún. Ẹ má sì retí pé omi náà yóò tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá yín lọ.

Fítíǹgì, ìyẹn ìdè tó ń so rọ́bà omi mọ́ ẹnu ohun kọ̀ọ̀kan, ló máa ń gbé owó mì láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ẹnu méjì ni ohun kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan fún omi tó ń wọlé, ọ̀kan fún èyí tó ń jáde. Block méjì, rédíétọ̀ méjì, àti pọ́ńpù tó so mọ́ ìkòkò omi rẹ̀ jẹ́ ohun márùn-ún, ẹnu mẹ́wàá. Ẹ fi ìgunpá kún un fún ibi tí rọ́bà kò ti lè tẹ̀ láìká, àti táàpù kékeré kan nísàlẹ̀ tí ẹ ó fi máa da omi nù nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n G1/4 ni ẹnu wọn sábà máa ń jẹ́, àmọ́ fítíǹgì tí a ṣe fún rọ́bà 10/13 (ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 13) kò ní gba 10/16. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má tìtorí owó ra rédíétọ̀ alumíníọ̀mù. Bàbà ni inú block, bí àwọn méjèèjì bá sì jọ wà nínú omi kan náà, omi yóò máa jẹ alumíníọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì dí ojú ọ̀nà tíntìntín inú block. Block káàdì àwòrán náà gba ìṣọ́ra: pátákó káàdì yín gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gé e fún, torí chip kan náà lè wà lórí pátákó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ jẹ́ kí fáànù máa bá CPU lọ, kí ẹ sì fi omi sí káàdì nìkan.

Omi tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ohun aláwọ̀ ewé hù nínú omi. Lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì, ásíìdì àti omi máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra, nítorí náà ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá tò ó tán, pọ́ńpù nìkan ni kí ẹ fún ní iná fún wákàtí 24, kí mọ́dàbọ́ọ̀dù wà láìní iná, kí ẹ sì ká bébà ìnujú sábẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan tí mo tò, ní nǹkan bíi wákàtí kẹfà, àbàwọ́n kan tí kò tó èékánná yọ lára bébà abẹ́ rédíétọ̀. Nígbà tí mo tú fítíǹgì náà, òrùka rọ́bà inú rẹ̀ ló ti lọ́. Àfi ìgbà tí bébà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá gbẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ ni kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà náà.