Ẹja Wo Ni Ó Lè Bá Guppy Gbé Nínú Àpótí Gíláàsì Tí Ewéko Wà Nínú Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Mo ní àpótí gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí ní pálọ̀ mi ní Kàbbà. Ó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 40, ó sì ga ní 40. Guppy mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, ewéko tí mo gbìn sí i sì ti ta gbòǹgbò dáadáa. Mo fẹ́ kí ọmọ mi bá mi ra neon tetra mẹ́wàá, angelfish méjì, corydoras mẹ́fà àti kribensis méjì bọ̀ láti Èkó. Àna mi tí ń sin ẹja títà tún ní òun yóò fún mi ní ọmọ àrọ̀ díẹ̀. Èwo ni kí n mú nínú wọn, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Òǹkàwé yín, Kàbbà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹja yín. Ti àrọ̀ ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àna yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọmọ àrọ̀ kankan sínú àpótí náà, nítorí pé gbogbo ẹja tí ó bá ti lè wọ ẹnu rẹ̀ ni yóò gbé mì ní òru, yóò sì hú ewéko yín tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Angelfish náà kò yẹ. Ìbátan epìyà ni, ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ sì jẹ́ oúnjẹ fún un nígbà tí ó bá dàgbà, bí ó ti wù kí ó tutù lójú tó nígbà tí wọ́n tà á fún yín.

Ọ̀rọ̀ neon tetra gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Inú àwọn odò kéékèèké tí igbó ṣíji bò ní agbègbè Amasọ́nì ni ó ti wá, omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 20°C sí 26°C ni ó sì bá a lára mu. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta ṣe máa ń rí ní Kàbbà. Ẹ ra tẹmómítà onígíláàsì kan, kí ẹ máa wò ó ní ìdájí àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí Èkó. Bí ó bá ń dé 28°C lójoojúmọ́, neon tetra kò ní pẹ́ láyé lọ́dọ̀ yín, cardinal tetra ni kí ẹ rà dípò rẹ̀, nítorí pé ó fara da ooru jù ú lọ. Àwọn méjèèjì jọra débi pé àwọn tí ń tà wọ́n pàápàá máa ń fi ọ̀kan pe èkejì, nítorí náà kí ọmọ yín wo ìlà pupa ara wọn dáadáa: ti cardinal bẹ̀rẹ̀ láti iwájú títí dé ìdí ìrù, ti neon sì jẹ́ ìdajì ara lẹ́yìn nìkan. Àmọ́ omi tí kò ní èròjà òkúta púpọ̀ ni cardinal fẹ́, nígbà tí guppy fẹ́ràn èyí tí ó ní in. Bí ọṣẹ kì í bá tètè hó nínú omi kànga yín, tí nǹkan funfun sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù, ẹ fi cardinal náà sílẹ̀, kí guppy máa gbádùn ibẹ̀ lọ.

Ní ti corydoras àti kribensis, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, torí ìsàlẹ̀ omi ni àwọn méjèèjì ń gbé. Kribensis ni èmi yóò mú. Ẹja odò gúúsù Nàìjíríà tiwa ni, ooru kì í ṣe àjèjì sí i, kì í sì í jẹ ewéko bí ó tilẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ dojú ìkòkò amọ̀ kékeré kan délẹ̀ fún wọn, kí ẹ dá ẹnu rẹ̀ lu díẹ̀. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tọkọtaya náà yóò sì máa fi ẹnu kó iyanrìn jáde lábẹ́ ìkòkò ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò ní gbà kí ohunkóhun sún mọ́ ibẹ̀. Guppy tí ń lúwẹ̀ẹ́ lókè yóò ráyè sá, ṣùgbọ́n corydoras tí ń fi ẹnu tú ilẹ̀ kiri lóru kò mọ ààlà, ìyà ni yóò sì máa jẹ. Ọmọ guppy yóò máa bọ́ sí wọn lẹ́nu o, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Tí Anubias bá wà lára ewéko yín, ẹ so ó mọ́ òkúta tàbí igi, kí wọ́n má baà hú u.

Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí ewéko lè lò kò pọ̀ ju èyí tí ó tó guppy mẹ́jọ lọ báyìí, wọ́n sì nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti pọ̀ sí i. Bí omi yín bá gba cardinal, mẹ́fà ni kí ó ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e, kí kribensis sì kẹ́yìn, kí wọ́n má baà sọ ibẹ̀ di tiwọn kí àlejò tó dé. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọn tuntun sínú ike ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àìsàn tí wọ́n bá gbé bọ̀ lè fara hàn níbẹ̀.

Ọ̀nà Èkó sí Kàbbà jìn. Kí ẹni tí ń tà wọ́n má ṣe fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò, kí ó fẹ́ ọ́síjìn sínú ọ̀rá wọn, kí ọmọ yín sì gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín. Tí wọ́n bá dé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó lójú omi ike náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa bu omi ike sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó fi àwọ̀n kó ẹja nìkan jáde. Omi inú ọ̀rá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ní alẹ́, ewéko náà ń lo ọ́síjìn bí ẹja ṣe ń lò ó, omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró. Nítorí náà, kí àwọn àlejò wọ̀nyí tó dé, ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí de ọjọ́ tí iná ọba bá lọ.