Mò ń ṣe sikiri, ọkàn mi kò sì balẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Mo máa ń kírun wákàtí márààrún, mo sì ń fa tẹ̀súbáà lẹ́yìn ìrun, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ojú mi á là kalẹ̀. Láti Iléyá ni èmi àti ìyá kan tí a jọ ń gbélé ti ń yan ara wa lódì nítorí owó mítà iná. Musulumi bíi tèmi ni. Ó ní mi ò dá owó tèmi pé, ó sì pè mí lólè lójú àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, àdúà wo ni kí n fi kún sikiri mi?

ÌDÁHÙN: Wa àlékúmù sàláàmù. Ẹ kú ìfaradà, ọmọ ìyá mi. Kí wọ́n peni lólè lójú ọmọ tí a bí, ó dunni dé egungun.

Àdúà tí ẹ béèrè yẹn, màá fún yín, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Sikiri yín kò lábùkù. Nínú Súrà Ra'd, ẹsẹ 28, Ọlọ́hun sọ pé ìrántí Òun ni ọkàn fi ń balẹ̀. Àmọ́ ọkàn tí ẹ fi ń rántí Rẹ̀ náà lẹ kó ìjà yìí sí.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé kò tọ́ fún Musulumi kó yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí wọ́n á pàdé, tí tibí á gbójú sápá kan, tí tọ̀hún náà á gbójú sápá kejì. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló lóore jù nínú àwọn méjèèjì. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló gbà á wá. Nínú hádíìsì mìíràn tí Muslim gbà wá, ó ní ní ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánná, wọ́n á dárí ji gbogbo ẹni tí kò bá Ọlọ́hun wá orogún, àfi ẹni tí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ ń bára wọn ṣọ̀tá. Wọ́n á ní kí wọ́n dá àwọn méjèèjì dúró ná títí wọ́n á fi parí ìjà. Ẹ wo iye Àtìní àti Àlàmísì tó ti kọjá láti Iléyá!

Ó ti ṣe èmi náà rí. Èmi àti ẹnì kan ní mọ́sálásí wa ò kíra fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń kírun ṣíwájú jàmáà, ẹnu mi ń ka Fátíhà, èsì tí màá fọ̀ fún un ni ọkàn mi ń kà. Lọ́jọ́ kan mo dúró dè é níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, mo nawọ́ sí i, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Òun náà dì í mú.

Tí ẹ bá jẹ nínú owó mítà náà, ẹ san án lónìí, nítorí ẹ̀tọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni. Tí ẹ ò bá jẹ, ẹ ṣàlàyé fún un ní ohùn jẹ́ẹ́, ìdáríjì kò ní kẹ́ ẹ gba ohun tí ẹ ò ṣe. Láàárọ̀ ọ̀la, tí ẹ bá ń pọnmi àlùwàlá Súbùhì, tí ẹ bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ sálámà sí i ketekete, ẹ má kùn ún sínú. Tí kò bá dáhùn, ẹ tún un ṣe nírọ̀lẹ́.

Ànábì sọ fún Abu Dharr, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, pé tó bá se ọbẹ̀, kó bomi sí i, kó fi ta aládùúgbò rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹ bu tiyín náà sí abọ́, kí ẹ sì fi rán ọmọ tó gbọ́ èébú ọjọ́ yẹn gan-an. Ó ti gbọ́ ìjà yín, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ìparí rẹ̀.

Ó wá kan àdúà yín. Ọlọ lílọ̀ ti dápàá sí Fátímọ̀ ọmọ Ànábì lọ́wọ́, ó wá lọ bá bàbá rẹ̀ pé kó fún òun lọ́mọ ọ̀dọ̀. Ànábì wá sọ́dọ̀ òun àti Aliyu ọkọ rẹ̀ lóru, ó ní òun á kọ́ wọn ní ohun tó sàn fún wọn ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Tí abọ́ bá ti lọ, tó sì ti bọ̀, ẹ pa iná lálẹ́, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ kà á bó ṣe kọ́ wọn: Subhanallah 33, Alhamdulillah 33, Allahu Akbar 34.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.