Ojú Irin Kékeré Lẹ́yìnkùlé: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Ònkàwé Kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọ̀fà ni mo sì ń gbé. Ọmọ mi fi ọkọ̀ ojú irin kékeré oníná ránṣẹ́ sí mi láti Jámánì, mo tẹ́ irin idẹ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Òjò kan ṣoṣo ló wọ́ ìdajì rẹ̀ lọ. Lórí ìyókù, ọkọ̀ náà kì í rìn jìnnà kó tó dúró. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àná. Òótọ́ ni pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n àgbàrá kò ṣe é gbé ṣubú. Ọ̀nà ni a ń là fún un. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i títí yóò fi ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ, ẹ gún un kó le, kí ẹ tó tẹ́ irin lé e. Níbi tí àgbàrá bá sì ń gbà, ẹ ri páìpù sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè kọjá. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì lẹ irin náà mọ́lẹ̀, nítorí pé oòrùn máa ń mú idẹ gùn sí i: bí ooru bá fi dígírì 30 lé, irin tó gùn ní mítà 10 yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 6 gùn sí i, bí kò bá sì rí àyè nà sí, yóò wọ́.

Ní ti dídúró lójijì, eruku ni mo fura sí, nítorí pé ara irin ni iná ń gbà dé inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè máa fi aṣọ nù ún, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, iṣẹ́ yẹn kò ní tán. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yọ wáyà tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ mọ́tò, kí ó fi bátìrì tó ṣe é ṣájì sínú ọkọ̀ ẹrù tó tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa fi rìmóòtù darí rẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ tó jọ ti Ọ̀fà síbẹ̀, ojú irin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, èyí tó sì wọ́pọ̀ nínú ọgbà fẹ̀ ní 45 (ẹ wọn tiyín ná), nítorí náà, bí ẹ bá fi 24 pín gbogbo ìwọ̀n, wọn yóò bára mu: ọkùnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di 7. Sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi mọ ibùdókọ̀ náà, kì í ṣe pákó, nítorí ikán.