Ìbéèrè Yín: Òjò àti ajílẹ̀ nínú àwòrán kan ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwádìí máṣítà mi ni mò ń parí lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lórí àgbàdo ni. Mo lo regression (ìṣirò tó ń wo bí nǹkan kan ṣe ń yí padà bí àwọn míì ṣe ń yí) láti wo bí òjò àti ajílẹ̀ (0 sí 120 kílò lórí hẹ́kítà kan) ṣe kan iye àgbàdo tí oko ń mú jáde, ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín náà wà nínú mọ́dẹ̀lì. Mo yà á ní 3D, ó wá rí bí agbada tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, súpáfáísọ̀ mi ní òun ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni súpáfáísọ̀ yín sọ o. 3D máa ń wu ojú, àmọ́ apá iwájú ẹ̀ máa ń bo ti ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá sì yí i díẹ̀ báyìí nǹkan míì lẹ máa rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ to iye òjò láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù nínú dátà yín, ẹ to ajílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kí iye òjò kọ̀ọ̀kan bá iye ajílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pàdé. Tó bá jẹ́ R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà) lẹ ń lò, expand.grid ló ń ṣe é, tó bá jẹ́ èdè Python, meshgrid inú NumPy ni. Ọjọ́ ìgbìn ńkọ́? Ẹ dá a dúró sójú kan, àárín ẹ̀ dáa, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ibẹ̀ lẹ dá a dúró sí. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá lo predict, kí mọ́dẹ̀lì sọ iye àgbàdo tó retí ní ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti pàdé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ fi òjò sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá fa ìlà mẹ́ta péré, ọ̀kan fún 0 kílò, ọ̀kan fún 60, ọ̀kan fún 120, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní òjìji tó ń fi hàn bí mọ́dẹ̀lì ṣe dá ara ẹ̀ lójú tó. Tí àwọn ìlà yẹn bá ń ya kúrò lára wọn bí òjò ṣe ń pọ̀ sí i, á jẹ́ pé òjò ń mú kí ajílẹ̀ ṣiṣẹ́ sí i. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tó bá jẹ́ + lẹ fi sáàárín òjò àti ajílẹ̀ nínú mọ́dẹ̀lì, bóyá ẹ fẹ́ bóyá ẹ kọ̀, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa lọ ní ọgbọọgba ni, àlàfo àárín wọn ò ní yí padà, torí ẹ ò fún un láyè láti sọ nǹkan míì. Ẹ fi * síbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí òjò lè yí ipa ajílẹ̀ padà, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Àwòrán aláwọ̀ tí geom_raster (inú package ggplot2 ti R) ń yà, tó ń fi àwọ̀ sọ iye àgbàdo, náà dáa fún ẹni tó fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lo àwọ̀ viridis torí àwọn tí ojú wọn kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò ní òjìji yẹn.

Ibi tó ká mi lára jù rèé. Àgbẹ̀ wo ló máa da owó ajílẹ̀ sórí ilẹ̀ tí òjò ò tó? Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí igun tí ajílẹ̀ ti pọ̀ tí òjò sì kéré má ní oko kankan nínú dátà yín, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà á sọ iye àgbàdo tó máa jáde níbẹ̀ láìmikàn, ẹni tó bá ka iṣẹ́ yín sì lè lọ gbà á gbọ́, kó lọ ná owó sí i. Ẹ tẹ àmì oko yín kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán náà, ibi tí ẹ ò bá ti rí àmì, ẹ gé e kúrò. Package mgcv nínú R ní exclude.too.far tó máa bá yín wá àwọn ibi tó jìnnà jù sí dátà, ẹ fi 0.1 bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààlà ibi tó jìnnà jù.