Ìbéèrè Yín: Kí Ló Ń Ká Ìyẹ́ Oyin Mi Kò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àwọn kan nínú kòkòrò oyin tí mo ń sìn tí ìyẹ́ wọn ká kò, tí wọn kò lè fò, tí wọ́n kàn ń rá pálá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni. Báwo ló ṣe dé ara wọn, oògùn wo ni mo sì lè lò?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ rí yìí jọ iṣẹ́ ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní DWV (Deformed Wing Virus, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ìyẹ́ jẹ́), pàápàá bí ìdí àwọn oyin náà bá tún kúrú ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ayaba lè bí i mọ́ ẹyin, akọ oyin lè kó o ran ayaba nígbà tí ó bá gùn ún, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi oúnjẹ tí wọ́n ń fún ara wọn lẹ́nu ràn án. Síbẹ̀, oyin tó kó o lọ́nà wọ̀nyí sábà máa ń gbé e kiri láìsí àmì kankan.

Varroa ló sọ ọ́ di àjàkálẹ̀. Kòkòrò pupa rúsúrúsú pẹlẹbẹ ni, kò fẹ̀ tó mìlímítà 2, ara oyin ilẹ̀ Éṣíà ni ó sì ti ṣẹ̀ wá. Ó máa ń yọ́ wọ inú ihò afárá kété kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìda dí i, yóò bímọ síbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa gún ọmọ oyin náà jẹ, tí fáírọ́ọ̀sì yóò fi bọ́ sínú ara rẹ̀ tààrà. Kí Varroa tó dé Oahu, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2007, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 agbo oyin erékùṣù wọ̀nyẹn ló ní DWV. Níbi tí Varroa ti fìdí múlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo tí kò ní i mọ́.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí, nítorí náà ẹ má ṣe náwó sórí èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá. Varroa ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ bu oyin bí 300 láti orí afárá tí ọmọ wà sínú ìgò tí nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ayaba kò sí láàrin wọn. Ẹ da ṣúgà kíkúnná lé wọn, ẹ yí ìgò náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí páálí funfun, kí ẹ wá ka Varroa tó bá jábọ́. Bí wọ́n bá ju 9 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ má sì fi agbo tó ti rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, torí àwọn oyin ilé mìíràn yóò wá jí oyin inú rẹ̀ kó, wọn yóò sì gbé Varroa lọ sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé oyin inú afárá wọn ṣì ṣeé jẹ?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ran ènìyàn. Oògùn tí ẹ bá lò fún Varroa ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa ìgbà tí a lè kórè, kí ẹ tó gé afárá kankan.